Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Tó Ń Mísì: Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Ń Gbà Sá?

Bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dàgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì ní ìdúró, tó ń tu èéfín funfun láàárọ̀, tí kò sì lè gun òkè Ìdànrè mọ́ bó ṣe ń gùn ún tẹ́lẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà ní Àkúrẹ́. Mẹkáníìkì á ní ríìngì, òrùka irin tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà nínú ẹ́ńjìnnì, ló ti jẹ, kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ẹni tó ń tún pọ́ǹpù epo àti nọ́sù tó ń fọ́n epo ṣe á ní pọ́ǹpù ni, kí wọ́n tú u wá sọ́dọ̀ òun. Ẹni tó ń ta sípíàpáàtì á ní tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ tó ń dí àárín sílíńdà àti orí ẹ́ńjìnnì, ni, ojúlówó rẹ̀ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Àìsàn tí kálukú mọ̀ ọ́n wò lojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ọlọ́kọ̀ tí owó fẹ́ jáde lápò rẹ̀ ni kò mọ èyí tí òun ì bá gbà gbọ́.

Nítorí irú ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí: ẹni tó ní tíípà kan, ọkọ̀ agbégi kan, tàbí Mercedes 911 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, tí kì í ṣe mẹkáníìkì, àmọ́ tó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí òun béèrè kó tó kó owó kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ títí ẹ ó fi mọ sílíńdà, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, tí kò ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jò. Àyẹ̀wò méjèèjì kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Owó wọn ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òfàhọ́ọ̀lù, ìyẹn títú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láti tún un ṣe.

Ìṣáná tí ojú kò rí

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Dísẹ́ẹ̀lì ò ní in. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì náà, mú èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní 1897, ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló sì fi tan iná rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà, àmọ́ tibẹ̀ lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Písítìn, irin tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà, á gùn wá sókè, á fún afẹ́fẹ́ tó kún inú sílíńdà pọ̀ títí tí yóò fi ku nǹkan bí ìdá 1 nínú 17, àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn tilẹ̀ ń fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí bẹntiróòlù àtijọ́ kì í sábà kọjá ìdá 1 nínú 8 tàbí 9. Ooru afẹ́fẹ́ náà á lé ní 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà yẹn ni nọ́sù á wá fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀ ní kíkúnná, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Kọmpréṣọ̀n ni gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ń pe ìfúnpọ̀ yìí, nínú dísẹ́ẹ̀lì òun gan-an sì ni ìṣáná. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbì kan nígbà tí písítìn ń gùn, ooru ò ní tó, epo tí nọ́sù fọ́n á jó lábọ̀, tàbí kó má jó rárá. Sílíńdà yẹn á fo iṣẹ́ tirẹ̀ dá, ohun tí à ń pè ní mísì nìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́fà, márùn-ún á máa ti ọkọ̀, á sì tún máa wọ́ ẹnì kẹfà wọn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú nìyí. Kọmpréṣọ̀n tó lọ sílẹ̀ á fa mísì, àmọ́ mísì lè wáyé kí kọmpréṣọ̀n má ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nọ́sù tó ń kán tótó dípò kó fọ́n, pọ́ǹpù tí kò ti epo dáadáa, afẹ́fẹ́ tó wọnú páìpù epo, omi inú dísẹ́ẹ̀lì: gbogbo wọn ló ń mú ẹ́ńjìnnì mísì nígbà tí ara písítìn àti ríìngì ṣì le koko. Ẹni tó bá wá gbọ́ mísì tó sì sáré lọ ra ríìngì, á ná owó gọbọi tán, kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ni yóò máa le sí i.

Ẹ kọ́kọ́ bi dẹ́rẹ́bà

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà, dẹ́rẹ́bà ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ẹ bi í pé ìgbà wo gan-an ni ọkọ̀ ń mísì. Bó bá jẹ́ pé láàárọ̀ ọyẹ́ ni kì í fẹ́ jí, tó bá wá jí tán á máa gbọ̀n, á máa tu èéfín funfun, àmọ́ tí ara rẹ̀ á balẹ̀ bó bá ti gbóná díẹ̀, ẹ fura sí kọmpréṣọ̀n. Irin tó gbóná ń fẹ̀, àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò á dín kù, ara sílíńdà náà á sì fi ooru ran afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá gbóná o, bó bá tutù o, tí mísì náà kò yí padà, tó sì tún ń dún gbà-gbà-gbà níbì kan ṣoṣo, nọ́sù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí kò bá ṣe nǹkan kan ní ìdúró, àfi ìgbà tó bá gbé igi tán tó kọjú sí òkè, epo ni kò dé tó: fílítà ti dí, tàbí rọ́bà epo ti rọ̀ débi pé ó ń pa pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fà á. Èyí tó máa ń jí láàárọ̀, tó sáré díẹ̀ tó tún kú, tí wọ́n á fi ọwọ́ pọ́ǹpù epo kó tó tún jí, afẹ́fẹ́ ló ń wọ páìpù epo rẹ̀. Wáṣà tàbí rọ́bà ni ẹ máa rà síyẹn, owó rẹ̀ ò sì tó ohun tí ẹ ń sọ.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀, bí a bá mọ̀ ọ́n kà. Funfun tó ń ta ni lójú tó sì ń rùn dísẹ́ẹ̀lì, epo tí kò jó ni. Funfun tí kò ta ni lójú, tí kì í tán bí ọkọ̀ bá gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìjò sílẹ̀, omi ló ń wọnú sílíńdà. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú ni ti epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ́ákílínà (asẹ́ afẹ́fẹ́) tó dí ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò níbẹ̀ nítorí pé òun ló rọrùn jù lọ láti tú. Èéfín nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ o. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní èéfín funfun ni, ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn, tó sì jẹ́ pé ẹni tó tún pọ́ǹpù dè kò dè é síbi tó yẹ, epo ń pẹ́ kó tó wọlé.

Ẹ tún fa dípísítíìkì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti ga ju ibi tí ẹ bù ú dé lọ, tó ṣàn lórí ìka bí kò ṣe yẹ, tó sì ń rùn dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má fojú kékeré wò ó. Epo tí sílíńdà kan kò rí jó ló ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìn lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń lọ ló ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ríìngì á wá máa ha irin gbígbẹ. Báyìí ni nọ́sù tí ì bá gba àtúnṣe kékeré ṣe ń sọ ara rẹ̀ di òfàhọ́ọ̀lù láàárín oṣù díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kọmpréṣọ̀n sílíńdà kan ti lọ, ẹ béèrè bí nọ́sù rẹ̀ ṣe rí, kí ríìngì tuntun má baà tún kú ikú kan náà.

Sílíńdà wo ni kò ṣiṣẹ́?

Àyẹ̀wò yìí rọrùn débi pé ó máa ń yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń fò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró. Páìpù irin tíńtín kan wà tó gbé epo láti ara pọ́ǹpù lọ sí orí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì ló sì dè é mọ́ nọ́sù. Mẹkáníìkì á fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, epo á máa tú síta níbẹ̀ dípò kó wọnú sílíńdà. Á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, á tún un dè, á sì bọ́ sí orí èyí tó kàn.

Ní ọgbà kan lójú ọ̀nà Ìléṣà ni mo ti gbọ́ bí mẹkáníìkì kan ṣe fi han bàbá tó ni ọkọ̀ agbégi. Ó dẹ èkíní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀wẹ̀sì lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ kú. Ó dẹ èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó dẹ ẹ̀kẹta.

“Bàbá, ẹ gbọ́ ọ bí?”

“Ọ̀gá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ohùn ẹ̀ ò yí padà.”

“Òun náà nìyẹn, sà. A gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, kò sunkún. Kì í jẹun tẹ́lẹ̀ nìyẹn.”

Sílíńdà tí ohùn kò yí padà lórí rẹ̀ ni òkú. Tí ohùn bá yí padà díẹ̀, tí kò tó ti àwọn yòókù, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́ lábọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ariwo gbà-gbà yẹn ló dákẹ́ nígbà tí wọ́n dẹ ọ̀kan, nọ́sù orí rẹ̀ ló ń pariwo.

Ìkìlọ̀ méjì lórí èyí. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí pọ́ǹpù wọn jẹ́ irin lásán nìkan la lè ṣe é fún. Ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, epo inú páìpù rẹ̀ máa ń lé ní 1,000 bar (òṣùwọ̀n agbára ìfúnpọ̀), ẹni tó bá dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Èkejì, kódà nínú ti àtijọ́, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sí níwájú ẹnu nọ́sù tó ń fọ́n epo. Agbára rẹ̀ tó láti gún awọ ara wọlé, egbò tó máa fà kì í ṣe èyí tí a ń fi àgbo wò. Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi àkísà bo nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń dẹ, kí ẹni tó ń dẹ ẹ́ sì wọ gíláàsì sójú.

Ká ní ẹ̀kẹta ni òkú báyìí. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá epo ni kò rí tàbí afẹ́fẹ́ ni kò rí fún pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ nọ́sù ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé e sí ipò ìkíní, kí wọ́n sì gbé ti ìkíní wá sí ẹ̀kẹta. Wọ́n á tún dẹ nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí òkú bá ti ṣí lọ sí ìkíní, nọ́sù ló jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá ṣì wà lórí ẹ̀kẹta, a fi nọ́sù sílẹ̀, ó ku kọmpréṣọ̀n tàbí ẹnu pọ́ǹpù tó ń gbé epo wá síbẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yọ nọ́sù, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ihò rẹ̀. Wáṣà bàbà kan wà nídìí nọ́sù tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ló ń dá ògbólógbòó padà síbẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Èyí tó ti pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dì dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ jò, á máa dún fín-ìn-fín-ìn, èédú dúdú á sì yí ẹsẹ̀ nọ́sù ká. Ẹ ò rí i pé kọmpréṣọ̀n lè lọ sílẹ̀ nítorí wáṣà tí owó rẹ̀ ò tó owó àmàlà ọ̀sán kan! Tuntun ni kí ẹ máa fi sí i nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yọ nọ́sù.

Tápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún jù

Èyí wọ́pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Dẹ́rẹ́bà á ní tápẹ́ẹ̀tì ń pariwo, òun ò fẹ́ kó máa dún ta-ta-ta. Mẹkáníìkì tó fẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn á ṣí ìbòrí, á fún gbogbo rẹ̀ títí tí yóò fi dákẹ́. Inú gbogbo èèyàn á dùn. Àmọ́ àlàfo tíńtín tó wà láàárín tápẹ́ẹ̀tì àti fááfù, ìlẹ̀kùn irin tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ àti èéfín nínú sílíńdà, ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí fááfù bá gbóná, ó ń gùn sí i. Tí kò bá ti sí àlàfo tó máa gùn sí, kò ní lè jókòó pa ẹnu ihò rẹ̀ dé, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ jò, iná á sì máa jó etí fááfù náà títí yóò fi jẹ ẹ́ dànù. Kódà bí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, àlàfo náà ń dín kù fúnra rẹ̀ bí ìjókòó fááfù ṣe ń jẹ wọlé.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì akẹ́rù àtijọ́, àlàfo yìí wà láàárín 0.20 sí 0.40 mìlímítà, ti fááfù èéfín sì sábà máa ń ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Ìwé ẹ́ńjìnnì yín ló máa sọ iye gan-an, á sì sọ bóyá nígbà tó tutù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára la fi ń wọ̀n ọ́n. Mẹkáníìkì tó bá ní etí lòun fi ń ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe kí etí fááfù tó jóná, kọmpréṣọ̀n lè padà wá láìtú nǹkan kan.

Géèjì kì í ṣe ojúsàájú

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹ̀kẹta ò tíì jí, ó di dandan kí a wọn kọmpréṣọ̀n. Géèjì bẹntiróòlù kò lè ṣe é. Èyí tó bá dé 300 psi ti dé òpin tirẹ̀ níbi tí dísẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ti dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ lè kà dé 1,000 psi, tàbí nǹkan bí 70 bar. Kì í ṣe gbogbo ọgbà ló ní in, àmọ́ ẹ wá ẹni tó ní in lọ. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọ́mọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì tó nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Bí ó bá lè jí, kí wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná. Kí wọ́n yọ gbogbo nọ́sù, kí wọ́n sì fa ọwọ́ tó ń pa epo kí dísẹ́ẹ̀lì má baà máa tú jáde. Kí bátìrì méjèèjì kún, nítorí pé kíkì tó ń yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ máa ń mú kí sílíńdà tó dára dà bí èyí tó ti kú. Kí wọ́n yí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà kan náà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lójú yín.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì akẹ́rù àtijọ́ tí ara rẹ̀ le máa ń fún ni ní nǹkan bí 300 sí 430 psi, ìyẹn 20 sí 30 bar. Àmọ́ ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà kan sí èkejì ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Bó bá ti ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ká ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni 380, 375, 210, 205, 370 àti 385. Ìkẹta àti ìkẹrin ló lọ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà. Ríìngì méjì kì í sábà mú ọjọ́ kan náà kú báyẹn. Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ló ṣeé ṣe jù pé ó ti jó láàárín àwọn méjèèjì, tí afẹ́fẹ́ ẹni kìíní ń sá wọ ilé ẹni kejì. Bó bá jẹ́ ìkẹta nìkan ló ka 210, fááfù, ríìngì tàbí písítìn rẹ̀ ni. Bí gbogbo wọn bá ka nǹkan bí 280 láìsí ìyàtọ̀, ẹ tún bátìrì àti ẹ́ákílínà yẹ̀ wò kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì ti gbó. Bí gbogbo wọn bá sì wà lókè dáadáa, tí ẹ̀kẹta ṣì ń mísì, ìgbà náà ni kí ẹ wá gbé pọ́ǹpù tọ ẹni tó ń tún un ṣe lọ. Òótọ́ lòun ń sọ látẹ̀yìnwá nìyẹn.

Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà tó lọ sílẹ̀, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà bá fò sókè, ọ́ìlì ló dí ẹ̀gbẹ́ ríìngì. Bí kò bá gbéra, fááfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì ni. Àyẹ̀wò tó dára nínú bẹntiróòlù ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un nínú dísẹ́ẹ̀lì. Ṣíbí tíì kan ti tó. Àyè tó kù lórí písítìn dísẹ́ẹ̀lì kéré gan-an, ọ́ìlì kì í sì í ṣeé fún pọ̀: èyí tó bá pọ̀ jù lè tẹ apá písítìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ písítìn wọ̀nyí ní kòtò lórí, ọ́ìlì náà lè jókòó sínú kòtò yẹn láìdé ọ̀dọ̀ ríìngì rárá, kó wá tan yín jẹ.

Afẹ́fẹ́ fọkanáísà

Ọ̀nà tó dá mi lójú ju ti ọ́ìlì lọ nìyí, irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní gbogbo Àkúrẹ́. Wẹ́dà lè fi ìdí nọ́sù tó ti bàjẹ́ ṣe ẹnu kan tó máa wọ ihò nọ́sù, kí ó lẹ ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n á yí ẹ́ńjìnnì títí písítìn ìkẹta yóò fi dé òkè pátápátá nígbà tí fááfù méjèèjì wà ní pípadé. Wọ́n á fi òkúta dí táyà, wọ́n á ki jíà, kí gbogbo èèyàn sì jìnnà sí fáànù, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn lágbára láti yí ẹ́ńjìnnì lójijì. Ẹ wá ní kí fọkanáísà fi afẹ́fẹ́ sí i.

Ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, fááfù èéfín ò padé. Bó bá ń dún ní ọ̀nà ẹ́ákílínà, fááfù afẹ́fẹ́ ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó ní tútù, gáskẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí tọ́ọ̀pù sílíńdà ti sán. Bó bá ń rọ́ jáde ní ihò tí a ń bu ọ́ìlì sí, ríìngì, písítìn tàbí ògiri sílíńdà ni. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá kódà nínú ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Èyí tó ń rọ́ gìrìgìrì la ń wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ gbé e.

Nípa ihò ọ́ìlì yìí, nǹkan kan wà tó ti mú kí wọ́n tú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì láìnídìí. Wọ́n á ṣí ìdérí nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, èéfín á máa tú jáde, wọ́n á ní ríìngì ti lọ. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú táńkì bíréèkì, òun náà ní písítìn àti ríìngì tirẹ̀. Bí ríìngì tirẹ̀ bá jẹ, inú ẹ́ńjìnnì ni yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí ọ́ìlì bá ń tú jáde nígbà tí ẹ bá ń da omi inú táńkì bíréèkì nù, ẹ yẹ ẹ̀rọ kékeré yẹn wò ná.

Bó bá wá di òfàhọ́ọ̀lù

Ó máa ń di bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Eruku pupa ojú ọ̀nà igbó tí wọ́n ti ń kó igi jáde kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ́ákílínà tó ya díẹ̀ ti tó láti jẹ ríìngì àti sílíńdà run. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n kàn ju ríìngì tuntun sínú ihò àtijọ́. Sílíńdà tó ti jẹ máa ń fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ríìngì tuntun ò lè bá a mu. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí àwọn oníléèdì, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, sọ bóyá yóò gba pípàrọ̀ ni tàbí gígé. Tọ́ọ̀pù sílíńdà náà, bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù rí, kí wọ́n fi irin gígùn tó tọ́ lé e lójú kí wọ́n wò ó bóyá ó ti wọ́. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun lórí irin tó wọ́, owó tó wọ kànga ni.

Títí ẹ ó fi rówó ṣe é, ẹ kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà kó má máa da bẹntiróòlù sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti fi jí ọkọ̀ láàárọ̀. Lóòótọ́ ó máa ń jí. Àmọ́ bẹntiróòlù ń gbiná kí písítìn tó dé òkè, ó sì lè fọ́ ríìngì tàbí kó ya orí písítìn. Ẹ́ńjìnnì tí kọmpréṣọ̀n rẹ̀ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì sábà ń ṣe é fún.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ dípò òfàhọ́ọ̀lù, kí ó mú ẹni tó ní géèjì dání lọ. Ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ ní ọjà ṣì ṣeé fi bátìrì àti kíkì yí, bí wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sídìí fún géèjì, pé òun á jí i fún yín kí ẹ gbọ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara rẹ̀ bóyá ó ti gbóná kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti jí dè yín kò ní lè fi ìwà òwúrọ̀ rẹ̀ hàn yín.